Àwọn Méjì Ló Tiná Bọ Igbó

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti lọ́kọ. Ilẹ̀ ìjòyè àdúgbò wa ni ọkọ mi fi ń ṣoko, oko náà ò sì jìnnà sí odò. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ mú débi pé ètè ń ya, koríko sì gbẹ táútáú. Mo ń lọ pọnmi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ẹ̀rín. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló dúró létí igbó tó bá oko wa pààlà, oníkálukú mú ìtùfù lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ fi iná lé òkété jáde.

Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ìjòyè náà. Ìkejì jẹ́ àlejò tí ogun fọ́ ìlú rẹ̀, tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni tó bá ṣàánú rẹ̀. N kò fẹ́ràn àlejò yìí rárá. Ẹnu rẹ̀ ò dáa. Ó ti bú mi rí nítorí mo ní kó má fọ ẹsẹ̀ síbi tí a ti ń pọn omi mímu.

Mo pariwo pé, "Ẹ má tiná bọ̀ ọ́ o! Ọ̀dọ̀ wa ni atẹ́gùn ń fẹ́ sí!"

Ọmọ ìjòyè juwọ́ sí mi bí ẹni ń lé eṣinṣin. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì fi iná kan koríko, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó gbé ìkòkò mi sílẹ̀, iná ti wọ oko. Ó jó ahéré, ó jó àká àgbàdo, ó jó iṣu tí a ti kó jọ. Àwọn méjèèjì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti mú wọn. Wọ́n ní kí ọmọ ìjòyè lọ dúró sílé baba rẹ̀. Àlejò ni wọ́n kàn mọ́ àbà, igi ńlá tí wọ́n dá ihò sí, tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ ọ̀daràn bọ̀. Ìta gbangba ni wọ́n gbé e sí. Bí mo bá ń kọjá, á wò mí, á tutọ́.

Ìjòyè mìíràn tó jẹ́ àna baba ọmọ náà ni wọ́n gbé ẹjọ́ fún. Ó bi ọmọ ìjòyè léèrè ọ̀rọ̀, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tó kan àlejò, ó béèrè pé, "Ta ló mọ baba rẹ?" Ó ní eré ọmọdé ni ọmọ ìjòyè ṣe, kí baba rẹ̀ fún wa ní ewúrẹ́ àti iṣu. Ní ti àlejò, ó ní ẹni tí kò nílé ni í sun ilé onílé. Kí wọ́n tà á fún àwọn oníṣòwò ẹrú tó ń lọ sí etí òkun.

Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì. Irùngbọ̀n ọmọ ìjòyè tilẹ̀ kún ju ti àlejò lọ.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin baba, ẹ jọ̀ọ́, mo wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló tiná bọ̀ ọ́."

"Ta ló sọ pé àwọn méjèèjì kọ́?" ni ìjòyè tó ń dájọ́ wí. "Wọ́n á san ohun tó jó fún yín. Kí lo tún ń wá?"

Kí ni mo ń wá? Nígbà tí a délé, ọkọ mi náà béèrè bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ."

Ó ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wọn la fi ń jẹun. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tán níbẹ̀, ìyá ọmọ mi."

Kò tán nínú mi. Mo jókòó sídìí òfì mi láti hunṣọ, òwú ń já. Mo dáná, mo gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná. Wọ́n mú ewúrẹ́ náà wá, mo so ó mọ́lẹ̀, igbe rẹ̀ ò jẹ́ kí n gbádùn. Ìgbà tó yá, mo di aṣọ tí mo ti hun, mo ní mò ń lọ tà á ní ọjà Akẹ̀sán, mo sì bá ẹgbẹ́ èrò ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ. Ọkọ mi mọ̀ pé aṣọ nìkan kọ́. Kò dá mi dúró.

Ní bodè kan lójú ọ̀nà, a pàdé àwọn ẹrú tí wọ́n fi okùn so lọ́rùn mọ́ra. Mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹnìkan fi bi mí bóyá ará mi wà níbẹ̀. Àlejò náà kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n baba mi obìnrin ti dàgbà sí ààfin Ọ̀yọ́. Àwọn tó lẹ́nu máa ń gbọ́ tirẹ̀. Mo ro ẹjọ́ fún un.

"Ṣé ọmọ ìyá rẹ ni àlejò náà?"

"Rárá, ìyá mi."

"Ó ṣe ọ́ lóore rí?"

"Èébú ló bú mi."

"Kí ló wá gbé ọ dé ibí?"

"Ọwọ́ ẹni méjì ni mo rí tó tiná bọ̀ ọ́. Bí mo bá di ojú, mo ṣì ń rí i."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo lè bá ọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má tà á. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí wọ́n kan ọmọ ìjòyè náà mọ́ àbà, má tilẹ̀ sọ ọ́ jáde níbí. Èyí tí ọwọ́ bá tó, mú un."

Inú bí mi sí i. Mo dúpẹ́ síbẹ̀.

Ìránṣẹ́ ààfin tí wọ́n fún mi bá mi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kò tíì ta àlejò. Ìjòyè tó dájọ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dáa, kó wá máa ṣiṣẹ́ lóko wa títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Mo béèrè pé, "Èkejì rẹ̀ ńkọ́?" Ó ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ti parí.

Àlejò kọ ebè fún wa, ó tún àká wa mọ. Kò dúpẹ́, kò sì tọrọ àforíjì. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó mọ̀ pé èmi ni mo lọ sí Ọ̀yọ́. Ó ní, "Mo mọ̀. Kò sí ẹni tí mo bẹ̀." Nígbà tí iṣu jáde, ó gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọmọ ìjòyè jẹ oyè baba rẹ̀. Òun ló ń dájọ́ àdúgbò wa báyìí, àwọn ènìyàn sì ní ó mọ̀ ọ́n dá. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ kan tí wọ́n mú olè ewúrẹ́ wá. Ó rí mi láàárín èrò, ó yí ojú kúrò, ó sì bi olè náà pé, "Ta lẹ jọ ṣe é?" N kò mọ̀ bóyá nítorí mi ló ṣe béèrè. Olè ní òun nìkan ni. Ìjòyè tún béèrè, ó tún béèrè. N kò lè dúró gbọ́ ìdájọ́. Mo dìde, mo gba ọ̀nà odò lọ, n kò tilẹ̀ mú ìkòkò lọ́wọ́.