Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tí Bàbá Mi Kò Gbọdọ̀ Ṣí

Inú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Múṣin. Bàbá mi kì í wo ìwé kó tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Á fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, á fi ìka méjì ra á, á gbóòórùn rẹ̀, á sì sọ fún ọlọ́kọ̀ pé ó ku ọ̀sẹ̀ méjì tàbí pé ó ti pẹ́ jù. Tó bá pààrọ̀ ọ́ìlì tán, á mú máákà funfun, á kọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ náà ti rìn sára fílítà, á fa ìlà mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀. Ìlà mẹ́ta yẹn ni àmì ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kan nínú ẹbí wa, láti Múṣin títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ní ìlà mẹ́ta nínú.

Èmi ò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti dúró. Ohùn mi sì kéré. Àwọn èèyàn máa ń ní kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ, tí mo bá sì tún un sọ, á tún kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí àbúrò màmá mi, tó ní ilé búrẹ́dì ní Àgùdà, fi gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ nígbà tó ra ọkọ̀ tuntun.

Tuntun ni mo wí, kì í ṣe tòkúnbọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa tó ra ọkọ̀ tí ẹlòmíràn kò tíì jókòó sí. Ọ̀rá ṣì wà lórí àga rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń fi í kó búrẹ́dì lọ sí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìlúpéjú àti Ìgànmú.

Níbi tí a ti rà á, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún Àǹtí mi ní ìwé kékeré kan. Ó ní ọdún mẹ́ta ni wọ́ráńtì ọkọ̀ náà. Ohun tó bá ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú àbùkù, àwọn ni yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ máa gbé e wá ṣe sáfíìsì lọ́dọ̀ àwọn. Àkọ́kọ́, nígbà tó bá rin ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ìgbà tó bá tún rin ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tàbí márùn-ún, tàbí ní gbogbo oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Tí a bá fo ẹyọ kan, kò sí wọ́ráńtì mọ́.

Àǹtí mi kọjú sí mi. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ìwọ ni kó o máa rántí o. Èmi, ìyẹ̀fun ni mo mọ̀."

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Mo fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí kò bá yé mi, mo bi fóònù mi. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nígbà tí mo kà á tán, mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ ìwé kankan nílé ìwé lọ.

Àárọ̀ tí mo ń gbé e lọ fún sáfíìsì àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ Bàbá mi ló kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbà páńẹ́ẹ̀lì-bítà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa.

"Ọmọ mẹkáníìkì ń gbé mọ́tò lọ fún mẹkáníìkì," ó ní. "Ọmọ aláró ń wá ẹni tó máa bá a rẹ aṣọ."

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́. "Ẹgbẹ̀rún kìlómítà," ó ní. "Ọkọ̀ tí kò tíì làágùn. Kí ni wọ́n fẹ́ wò lára ẹ̀?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Ta ló kọ́ ẹ ní mọ́tò wíwà, ìwé ni?"

Mo gbé ọkọ̀ lọ. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sínú ìwé mi, mo sì wò ó léraléra lójú ọ̀nà bí ẹni tó gba sátífíkéètì. Ní oṣù kẹrin, kìlómítà pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún, mo tún lọ. Òǹtẹ̀ di méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ dínkù. Àǹtí mi lọ sí Mẹ́kà, ààrò kan bàjẹ́ kó tó dé, a ò sì kó búrẹ́dì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ń wà lórí ìdúró ju bí ó ṣe ń rìn lọ. Mo ń ka oṣù. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ń rẹ́rìn-ín, pé ta ló ń fi kàlẹ́ńdà pààrọ̀ ọ́ìlì. Ní Múṣin, kìlómítà là ń kà, tàbí ká wo àwọ̀ ọ́ìlì. Oṣù, ìyàwó tó lóyún ló ń ka ìyẹn.

Ó ku bí oṣù kan àti ààbọ̀ kí oṣù mẹ́fà pé lẹ́yìn òǹtẹ̀ kejì nígbà tí ibà gbé mi dálẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi jáde. Ọkọ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá mi. Nígbà tí mo dìde, mo rí gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tó ti ṣófo àti páálí fílítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ojú ẹ̀ ń dán bí ti ẹni tó fún ọmọ ní ẹ̀bùn.

"Mo ti bá ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ," ó ní. "Ó ti dúdú. Mi ò lè máa wo ọkọ̀ ọmọ mi kó máa jẹ ìdọ̀tí."

Mo rántí ìwé wọ́ráńtì, àmọ́ ó ti ṣe é tán. Owó ara rẹ̀ ló fi rà á. Mo ní ẹ ṣé, Bàbá. Mo wo nọ́ńbà irú ọ́ìlì tó wà lára gálọ́ọ̀nù náà, mo fi wé èyí tó wà nínú ìwé. Bákan náà ni. Mo kó gálọ́ọ̀nù àti páálí sínú búùtù. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lórí afárá Ìgànmú, jíà bẹ̀rẹ̀ sí í fa mí. Tó bá fẹ́ wọ jíà kẹta, á ta mí síwájú bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn, búrẹ́dì á sì dà kúrò lórí pẹpẹ. Mo mọ̀ pé jíà kì í ṣe ohun kékeré. Ọjọ́ tí oṣù mẹ́fà pé gan-an ni mo gbé ọkọ̀ lọ, mo sì sọ ti jíà fún ọkùnrin tó ń gba ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi padà wá. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Àwòrán fílítà ló wà níbẹ̀: nọ́ńbà funfun, ìlà mẹ́ta lábẹ́.

"Ta ló kọ èyí?"

"Bàbá mi ni."

"Ṣé ibí ni bàbá yín ti ń ṣiṣẹ́?"

Àwọn méjì tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà pa ìwé mi dé. "Wọ́ráńtì ti kú nìyẹn, Sístà. Ẹ ti fún ẹlòmíràn ní ọkọ̀."

Èmi tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ńṣe ni ì bá mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kó sì sunkún délé. Ṣùgbọ́n mo rántí Àǹtí mi, ìwọ ni kó o máa rántí. Ọkọ̀ tuntun kan ṣoṣo tó wà nínú ẹbí wa, jíà rẹ̀ fẹ́ kú sí mi lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "ẹ fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí."

"Kí lẹ wí?"

Mo tún un sọ. Lọ́tẹ̀ yìí kò kéré sí i.

Ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka tẹ ìlà kan. Mo mọ ìlà yẹn. "Ó ní tí iṣẹ́ ẹlòmíràn bá ba ọkọ̀ jẹ́," mo ní. "Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni Bàbá mi pààrọ̀, jíà ló ń fa mí. Ṣé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí máa ń dé inú jíà ẹ̀ ni?"

Ó wò mí. "Ta ló sọ fún yín pé kì í dé ibẹ̀?"

"Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti tọ́ mi, sà."

Mo lọ gbé gálọ́ọ̀nù àti páálí wá, mo tò wọ́n sórí tábìlì rẹ̀. "Nọ́ńbà tí ẹ kọ sínú ìwé nìyí, òun náà ló wà níbí. Ẹ wo òǹtẹ̀ yín, ó pé méjì. Òní ni oṣù mẹ́fà pé, òní ni mo dé. Èyí tí Bàbá mi ṣe, àlékún ni. Mi ò fi rọ́pò tiyín."

Ó lọ bá mánéjà lókè. Mo jókòó títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó mú fọ́ọ̀mù kan lọ́wọ́.

"Wọ́n ti gbà. A máa tún un ṣe. Ẹ ṣáà fọwọ́ sí èyí."

Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

"Kò sí nǹkan ńbẹ̀, Sístà. Ẹ fọwọ́ sí i, àwọn èèyàn ń dúró."

Ìlà àkọ́kọ́, mo ṣèlérí pé títí wọ́ráńtì á fi parí, ẹnikẹ́ni níta kò ní ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà. Ó dáa. Ìlà kejì, mo jẹ́wọ́ pé mẹkáníìkì ẹ̀bá títì kan tí kò mọṣẹ́ ló pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀.

Mo ka ìlà kejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo lè fọwọ́ sí i. Bàbá mi ò ní rí i láéláé, kò tiẹ̀ lè kà á. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀, tí ọdún mẹ́ta wọn bá pé, ṣé ìwájú ilé wa kọ́ ni àwọn tó ni wọ́n ń gbé wọn wá?

Mo gba bírò, mo fagi lé "tí kò mọṣẹ́." Mo fagi lé "ẹ̀bá títì." Ó wá ku "mẹkáníìkì" nìkan, mo sì fọwọ́ sí i.

"Ẹ ti ba fọ́ọ̀mù jẹ́," ó ní.

"Ẹ fún mi ní òmíràn. Bákan náà ni màá ṣe é."

Mánéjà fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá. Ó wo ibi tí mo fagi lé, ó wo èmi. "Ọmọ mi, bàbá ẹ ò ní mọ̀."

"Èmi ti mọ̀, sà."

Ó bi ọkùnrin náà bóyá àmì ọwọ́ ẹnikẹ́ni wà lára jíà. Ìyẹn ní kò sí. Mánéjà fi fọ́ọ̀mù náà lé e lọ́wọ́ bó ṣe wà. "Ẹ gbé ọkọ̀ wọlé."

Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ gbé e, òǹtẹ̀ ti di mẹ́ta, mo sì ní kí wọ́n fún mi ní fílítà àtijọ́. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní níbi tí mo ti wá, ohun tí a bá yọ lára ọkọ̀, ọlọ́kọ̀ là ń kó o fún.

Bàbá mi wà pẹ̀lú páńẹ́ẹ̀lì-bítà nígbà tí mo dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀.

"Ẹ̀bá títì?" páńẹ́ẹ̀lì-bítà ní. "Níbo ni wọ́n ní kí mọ́tò ti máa bàjẹ́, orí òrùlé?"

Bàbá mi mú sípánà, ó ń bọ̀ níbi ọkọ̀. "Ṣí i," ó ní. "Jẹ́ n wo ohun tí wọ́n ṣe sí i."

Mi ò sọ pé rárá fún Bàbá mi rí, ká má tiẹ̀ sọ lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo lọ sí iwájú ọkọ̀ náà, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti mu yó, mo fẹ̀yìn ti bọ́ńpà.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ò ní ṣí i."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ ò ní ṣí i. Mo ti fọwọ́ sí i. Mo jà pé ẹ mọṣẹ́. Tí ẹ bá ṣí i lónìí, wọ́n á ní àwọn wí bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún yín, sà, ṣùgbọ́n mi ò ní dìde níbí."

Páńẹ́ẹ̀lì-bítà tẹ́wọ́ méjèèjì. "Alágídí. Má wo ojú mi o, ìwọ lo bí i."

Bàbá mi ju sípánà sínú àpótí. Mo na fílítà àtijọ́ sí i, ó gbà á, ó yí i wò títí ó fi rí àmì ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọdún mélòó ló kù?"

"Ọdún méjì àti oṣù méjì, Bàbá."

Ó kan ìṣó mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó fi wáyà so fílítà náà kọ́ síbẹ̀. Ó mú máákà funfun, ó ní kí n pe oṣù àti ọdún tí yóò parí fún òun. Mo pè é láti orí ìkúnlẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ fílítà ní nọ́ńbà ńláńlá, ó sì fa ìlà mẹ́ta.

"Dìde," ó ní. "Kò jìnnà. Mo ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n á fi í sílẹ̀."