Ẹ̀gbà Idẹ Inú Ìkòkò Ìtọ̀

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta epo ní Savalou ni gbogbo ayé ń tọ̀ sí. Tí oòrùn bá mú, òórùn yẹn á gbé mi padà sí Bantè, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ìyá bàbá mi lọ sí Akpassi, ó fi ẹ̀gbà idẹ rẹ̀ àtijọ́ pamọ́ sọ́wọ́ màmá mi. Kò pẹ́, màmá ju ẹ̀gbà tuntun kan tó jọ ọ́ sínú ìkòkò lẹ́yìn ilé, ó da iyọ̀ lé e, ó ní kí n wá tọ̀ sí i. Mo tọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n gbé fún mi tí mo ṣe yege nìyẹn.

"Tí ìyá bá mọ̀ pé kì í ṣe tòun, ilé bàbá mi la máa sùn," màmá ní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ karùn-ún, ó yọ ọ́. Ó ti dúdú, ó ní àwọ̀ ewé lára bí òkúta odò. Mo rò pé májèlé ló wà nínú ìtọ̀ mi. Mo ń yẹ ikùn ara mi wò. Màmá fi eérú nu ún.

Ìyá àgbà dé láti Akpassi, ó wọlé. "Ìyàwó, ẹ̀gbà mi dà?"

Màmá nà án sí i. Ìyá àgbà gbé e sí imú. Ó wò mí títí. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́sẹ̀ mi.

Ó gbóòórùn èmi náà. Ó ti ẹ̀gbà náà bọ ọwọ́.

"Ìyàwó, lọ wẹ ọmọ ẹ."

Kò bọ́ ọ títí tó fi kú. Èyí àtijọ́ ni màmá tà ra aṣọ ilé ìwé mi, ilé ìwé tí mo gba ojú fèrèsé sá kúrò níbẹ̀.