Àyè Kan Ṣoṣo

Òórùn irun màlúù tí iná ń jó ni mo fi mọ Maiduguri. Lẹ́yìn Kasuwan Shanu, ọjà màlúù tó wà nítòsí wa, àwọn alápatà máa ń sun orí àti ẹsẹ̀ ẹran lórí táyà, èéfín dúdú náà á sì gba orí ògiri wọlé tọ̀ wá nínú kíláàsì. Ìwọ tí wọ́n gbé sí Ọ̀yọ́ láti sìnrú ìlú, níbi tí wọ́n ti ń gbé iyán síwájú rẹ lọ́sàn-án gangan, o ò lè mọ̀. Bí mo ti fọ aṣọ àgùnbánirọ̀ mi tó, òórùn yẹn kò kúrò lára rẹ̀ títí mo fi padà délé. Màmá mi bi mí bóyá ìsọ̀ ẹran ni ìjọba rán mi lọ.

Ká sọ tòótọ́, ilé-ìwé wa kì í ṣe ilé-ìwé. Àgbàlá opó kan ni, abẹ́ igi dógóńyárò méjì, ẹní ràbà àti pátákó kan tí a gbé ti ògiri. Àwọn ọmọbìnrin tí ogun lé kúrò nílùú wọn là ń kọ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn ti tó ẹni tí ọkùnrin ń wá bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, síbẹ̀ a, b, d ni wọ́n ń kà. Ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ àwọn níta, nítorí náà ìlú tí kálukú sá kúrò la fi ń pè é. Ẹni tó dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Maiduguri ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló wá ta obì níbẹ̀ láyé àtijọ́. Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bó bá fẹ́ bá mi wí nìkan ló ń rántí Yorùbá, kí àwọn ọmọ má bàa gbọ́. Á ní, "Kọ́pà, inú ń yára bí ẹ jù." Kò parọ́ mọ́ mi.

Ohun kan wà tí àwọn ọmọbìnrin ìlú náà mọ̀ ọ́n ṣe nígbà yẹn, tí n kò rí níbòmíràn rí. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ ọjà, ilé ìjọsìn tàbí ilé-ìwé, wọ́n á dúró níwájú ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ká híjáàbù wọn sókè títí dé àyà, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè rí i pé kò sí nǹkan kan tí wọ́n so mọ́ wọn níkùn. Àwọn ará igbó, àwọn agbésùnmọ̀mí, ló fà á. Wọ́n ti ń so bọ́ǹbù mọ́ ọmọbìnrin kéékèèké lára, wọ́n á ní kó máa rìn lọ sáàárín èrò. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwọn ọmọ tiwa ń ṣe é bí ẹni ń bọ́ bàtà sílẹ̀ ni. Wọ́n á gbé e sókè, obìnrin fijilanté, ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, tó jókòó lẹ́nu géètì á mi orí, wọ́n á wọlé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ó máa ń dùn mí dé egungun. Nígbà tó yá, kò dùn mí mọ́.

Àkókò òjò ni Ọmọ Gwoza dé bá wa. Àwọn sójà ló gbà á sílẹ̀ nínú igbó, lẹ́yìn tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó jí i gbé. Ìwé karùn-ún ló wà kí wọ́n tó gbé e lọ, kò sì gbàgbé ohun kan níbẹ̀. Bí mo bá kọ ìṣirò sójú pátákó, n kò ní tíì gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ tí yóò fi rí ìdáhùn, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ jáde. Á fi ìka kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí iyanrìn, á sì tún yára pa á rẹ́ kí ẹlòmíràn tó rí i. Èmi máa ń rí i. Inú mi á máa dùn bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ ẹ rárá. 'Yar daji ni wọ́n ń pè é, ọmọ inú igbó. Orí àwo ńlá kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun ọ̀sán, bí ìṣe wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti na ọwọ́ sí oúnjẹ, àwọn tó kù á yọ ọwọ́ tiwọn. Èyí tó burú jù ni eré kan tí Ọmọ Bama dá sílẹ̀. Ọmọ Bama yìí ga, ó yáwọ́, òun ló tẹ̀lé Ọmọ Gwoza nínú ìwé mímọ̀. Láràárọ̀, bí Ọmọ Gwoza bá ti ká híjáàbù rẹ̀ sókè lẹ́nu géètì, Ọmọ Bama á kígbe pé, "Bom!" Gbogbo kíláàsì á dojú bolẹ̀ lórí ẹní, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ọmọ Gwoza náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí èèyàn fi ń bẹ̀bẹ̀.

Mo na Ọmọ Bama ní pàṣán nítorí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Màmá gba pàṣán náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ojú rẹ̀ ni àwọn ará igbó ṣe pa ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀. Ta lo rò pé ò ń nà?" Síbẹ̀, inú ṣì ń bí mi.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn ayọ̀ dé. Olówó kan ní Kano fẹ́ gba ọmọ kan láti ilé-ìwé wa, kan láti ilé-ìwé àwọn asásàálà kọ̀ọ̀kan tó kù, yóò sì rán wọn lọ sí ilé-ìwé gidi níbi tí wọ́n á ti máa jẹ, tí wọ́n á ti máa sùn, jìnnà sí ìbọn. Ìdánwò ni yóò fi yan ọmọ náà. Ẹnì kan péré. Mo bi Màmá pé kí ló dé tí kò mú méjì. Ó ní ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná á rí òmíràn gbà. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí yóò mú àyè náà. Ọmọ Bama pàápàá mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ṣe eré bom mọ́, mo sì rò pé orí rẹ̀ ti pé.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, Ọmọ Gwoza dúró de ìgbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó wá sọ fún wa pé òun kò ní lè wá. Ó bí ọmọ kan sínú igbó. Yàrá àbúrò ìyá rẹ̀ ló máa ń gbé e pamọ́ sí tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, àbúrò ìyá rẹ̀ sì ti ní òun kò ní bá a wo mugun jini mọ́. Ẹ̀jẹ̀ burúkú nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílùú náà. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Màmá di àyà mú. Lẹ́yìn náà ló pa òṣé, ó ní, "Nítorí ọmọ lo ò ṣe ní wá? Ki goyo shi ki zo!" Pọ̀n ọ́n wá ni ó ń sọ, òun á bá a gbé e títí yóò fi ṣe tán. Ọmọ Gwoza kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Màmá mú. Ọ̀rọ̀ tí ìyá Yorùbá èyíkéyìí máa sọ ni Màmá sọ. Ibo ni obìnrin wa kì í pọn ọmọ dé? Ìyá tèmi pọn mí lọ ṣe ìdánwò tíṣà. Obìnrin tó ti gbé ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Maiduguri, ọjọ́ kan yẹn ló ronú bí ará Ọ̀ṣun. Ó gbàgbé pé abẹ́ híjáàbù ni ọmọ náà máa wà.

Ilé-ìwé kan ní Shehuri, kò jìnnà sí ààfin, ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Èmi àti Màmá ti kó àwọn yòókù débẹ̀, wọ́n ti tò sẹ́nu géètì pẹ̀lú àwọn ọmọ láti ibòmíràn, nígbà tí Ọmọ Gwoza yọ lókèèrè. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń rọra rìn, kí ọmọ má bàa jí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga lábẹ́ híjáàbù. Ọmọ Bama wà níwájú mi gan-an. Mo rí i tó wo Ọmọ Gwoza. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yíjú wo géètì ìdánwò. Ó wá kígbe, "Bom ne! A bayanta!" Bọ́ǹbù ni, ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Èrò fọ́n ká, wọ́n ń gun ara wọn mọ́lẹ̀. Àwọn fijilanté nàbọn sí i. Ọmọ Gwoza ṣe ohun tí a ti kọ́ ọ láti máa ṣe: ó dúró, ó ká híjáàbù rẹ̀ sókè. Wọ́n ní kó yí ẹ̀yìn padà. Wọ́n ní kó tú ohun tó dì sẹ́yìn, kó gbé e sílẹ̀, kó sì rìn kúrò níbẹ̀. Ó tẹ́ ọ̀já sórí iyanrìn, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé e nínú oòrùn, ó sì rìn kúrò.

Ọmọ náà jí, ó bú sẹ́kún. Màmá ń pariwo pé ọmọ ọwọ́ ni. Ọ̀gá wọn ní, "Wọ́n ti fi ọmọ ọwọ́ ṣe é rí, Mama." Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn títí àwọn sójà á fi gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá bọ́ǹbù wá. Màmá fẹ́ kọjá, wọ́n fi ìdí ìbọn tì í lókè àyà, ó jókòó gbì. Èmi náà gbéra, ẹnì kan fa kákí mi lẹ́yìn. "Corper, you wan die for here?" Agogo lù. Wọ́n kó àwọn ọmọ gba ẹ̀yìn wọlé, ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀. Inú ẹkún ọmọ náà ni wọ́n ti ṣe é. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ lódìkejì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì gbé híjáàbù sókè, torí kò tíì sẹ́ni tó ní kó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó pẹ́ kí sójà tó dé. Ohùn ọmọ náà ti há. Sójà na ẹ̀rọ rẹ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín. "Na only piss dey here." Gbogbo èrò bá a rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan nítòsí mi ní, "Bọ́ǹbù náà ni, ẹ jẹ́ kó dàgbà ná." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Màmá kúnlẹ̀ bẹ alábòójútó ìdánwò. Ìyẹn ní òfin ni òfin, ẹni tó pẹ́ ti pẹ́.

Nígbà tí a ń padà lọ, ẹsẹ̀ la fi rìn nítorí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti sá lọ. Àwọn ọmọ wà níwájú, wọ́n ń sọ ohun tó jáde. Obìnrin kan ní ewúrẹ́ mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mẹ́ta, mélòó ni gbogbo ewúrẹ́ rẹ̀? Ọmọ Bama ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Láti ẹ̀yìn, Ọmọ Gwoza, tí ọmọ rẹ̀ ti sùn lọ mọ́ ọn lẹ́yìn, sọ ìdáhùn kan jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Mẹ́rìndínlógójì ni. O gbàgbé àwọn ìyá wọn." Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Kò padà wá sọ́dọ̀ wa mọ́, nígbà tí a sì wá a lọ sílé àbúrò ìyá rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò mọ ibi tó gbà.

Ọmọ Bama ló lọ sí Kano. Nọ́ọ̀sì ni báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ó wá ṣe kọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn, ó wá mi kàn, ó ra dàbínò wá fún mi. Bó ṣe dé ẹnu géètì mi, tí kò sẹ́ni tó béèrè, ó dúró, ó ká híjáàbù rẹ̀ sókè, ojú wá tì í, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Inú mi dùn sí i, mi ò purọ́. Mo jẹ́ kó jẹun tán kí n tó bi í pé ṣé ó rò pé bọ́ǹbù ni lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wò mí lójú. "A'a, Malama. Rárá. Mo rí ẹsẹ̀ ọmọ náà tó yọ lábẹ́ híjáàbù." Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àyè kan ṣoṣo ni ẹ ní."

Mo fẹ́ na án bíi tàtijọ́. N kò nà án, nítorí mo rí i pé kì í ṣe òun nìkan ni ìbínú mi ń wá, ó ń wá àwa náà tí a gbé àyè kan ṣoṣo síwájú wọn. Ó ti lọ tipẹ́ kí n tó lè palẹ̀ àwo mọ́. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá wá sọ fún mi pé àánú olówó kan fẹ́ mú ọmọ kan nínú ogójì lọ sílé-ìwé, mo máa ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ náà fi ara wọn ṣe nítorí ẹnì kan yẹn.