Ajá Tí Kò Fi Èkejì Rẹ̀ Sílẹ̀

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì. Àwọn oníbàárà a máa ní ìgbín ló bí i. Ojú títì ni ọkọ̀ ti gbá àbúrò rẹ̀ pa, níbi tó ti ń ran ẹni tí táyà rẹ̀ jò lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ìyá wọn ti ń kìlọ̀ fún un pé, "Ọmọ mi, má dúró fún ẹnikẹ́ni o. Ìwọ nìkan ló ṣẹ́kù fún mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ajá méjì tí kò ní olúwa lójú títì. Ọ̀kan ti kú. Èkejì dúró tì í, ọkọ̀ ń yà fún un lọ́tùn-ún lósì. Jẹ́jẹ́ kọjá wọn. Ó ní ajá ṣáà ni, kì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Kò tíì lọ jìnnà tó fi wa ọkọ̀ yà sínú koríko, tó sì fẹsẹ̀ rìn padà.

Ó ju búrẹ́dì sí ajá tó wà láàyè, ṣùgbọ́n ajá náà kò tilẹ̀ wò ó. Ó bọ́ ẹ̀wù pupa rẹ̀, ó ń fì í láti ẹ̀bá títì títí awakọ̀ tírélà kan fi rọra dúró, tó dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, òkú ni mo fẹ́ gbé kúrò lọ́nà."

Awakọ̀ náà wo ajá, ó wo Jẹ́jẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé e."

Jẹ́jẹ́ wọ́ òkú náà lọ sínú koríko. Èkejì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ ti òkú náà. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ padà sínú ọkọ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kí omijé tó jẹ́ kó ríran wakọ̀.