Ẹ̀fẹ̀ Tí A Tà

Òórùn ìwé gbígbóná látinú ẹ̀rọ fọ́tókópì ni mo fi máa ń mọ̀ pé aago kan ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ní ọ́fíìsì wa ní Dùgbẹ̀. Gbogbo èèyàn a sáré ṣe ẹ̀dà ìwé wọn kí ìsinmi ọ̀sán tó dé, yàrá fáìlì tí mo ń jókòó sí a sì máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn a gbé ọpọ́n ayò sórí tábìlì mi, torí pé òun ló fẹ̀ jù. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn yẹn, bírò ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ ń wá.

Èmi ni mo ń kọ àbájáde ayò sílẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, n kò sì mọ ayò ta, àmọ́ ohun tí mo bá kọ kì í yẹ̀. Mo ń kọ ọjọ́, ẹni tó borí àti ẹni tó fìdí rẹmi, mo sì máa ń kọ ẹ̀fẹ̀ tí ọ̀ta sọ sí òpè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnu Bàbá Awakọ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀fẹ̀ náà ti wá. Wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ilé iṣẹ́ wa kí n tó débẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún ọ̀gá àgbà, ṣùgbọ́n láti aago kan sí aago méjì, ọ̀gá àgbà gan-an lòpè.

"Ìwọ òpè yìí, ilé mẹ́fà lo ní, kò sí èyí tí o lè sùn sí lálẹ́ òní!" Wọn a lu tábìlì mi gbàà. Bí ọ̀gá bá fajú ro, wọn a ní, "Má sunkún sórí ọpọ́n o. Igi ni, á wú."

Obìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa, tí mo jù lọ́jọ́ orí, ló ka ìwé mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé eléyìí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì." Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe ojú òpó náà: òṣìṣẹ́ á tẹ àbájáde ayò, lúdò tàbí dúráfù tí wọ́n ta ní ọ́fíìsì rẹ̀ síbẹ̀, á sì rí ẹni tó wà lókè. Èmi ni mo ṣe òfin bí a ó ṣe máa kà á. Lọ́jọ́ tí a ṣí i, a ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún gbogbo ọ́fíìsì. Kò pẹ́ tí àwọn ará Ring Road àti Challenge fi ń forúkọ sílẹ̀, tí àwọn tí n kò mọ̀ rí ń tẹ̀lé òfin tí mo ṣe. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ sanwó kó tó mọ iye ìgbà tí òun borí. Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi oníkọ̀ǹpútà yìí rántí ẹ̀fẹ̀ inú ìwé mi. Ẹni tó bá borí á mú ọ̀kan, á sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù òpè. Ọ́fíìsì tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ á sanwó. Mo lọ bá Bàbá nínú ọkọ̀, mo ní ìdá kan nínú mẹ́ta á jẹ́ tiwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi yẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán? Ẹ máa tà á. Ṣé ó máa tán ni?"

Àwọn èèyàn sanwó lóòótọ́, títí dé Bódìjà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá borí akápò wa. Wọ́n sún àga sẹ́yìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní, "Ìwọ òpè yìí, ilé mẹ́fà lo ní..."

"Kò sí èyí tí mo lè sùn sí lálẹ́ òní," ni akápò bá wọn parí rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi ìyẹn ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fún wa ní tuntun, ẹ jọ̀ọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kò síkà nínú ẹ̀rín náà, Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún gbìyànjú ti igi tó ń wú. Èèyàn mẹ́ta ló bá wọn parí ìyẹn. Mo rí i tí wọ́n la ẹnu lẹ́ẹ̀kẹta, tí ohunkóhun kò jáde. N kò rí nǹkan kan kọ sí ẹ̀gbẹ́ àbájáde ọjọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, ìdákẹ́jẹ́ bíi tèmi ni Bàbá fi ń ta ayò. Nígbà tó yá, wọn kò gòkè wá mọ́. Wọn á jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú rédíò wọn títí aago méjì. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi yọ àwọn ẹ̀fẹ̀ náà kúrò. Ó ní, "Àǹtí, àwọn èèyàn ti sanwó sílẹ̀ o." N kò jiyàn. Èmi náà ń gba ìdá tèmi, mo sì ti fi ra fìríìjì.

Bàbá fẹ̀yìn tì. Ojú òpó náà ṣì wà, àmọ́ ó ti di ti ẹlòmíràn. Ní ọ́fíìsì wa, kálukú ń jẹun nídìí fóònù rẹ̀, tábìlì mi sì mọ́ tónítóní. N kò mọ̀ pé èèyàn lè ṣàárò ariwo tí kò dá sí rí.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí wọn nílé wọn ní Apẹ́tẹ̀. Wọ́n gbé ọpọ́n jáde. Mo fìdí rẹmi, bó ṣe yẹ. Wọ́n sún àga sẹ́yìn, wọ́n wò mí, wọ́n sì sọ ọ̀kan tí n kò gbọ́ rí. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó wọn fi yọjú láti ilé ìdáná. Àpò mi wà lẹ́sẹ̀ mi, bírò wà nínú rẹ̀.

"Akọ̀wé, ṣé o ò ní kọ ọ́ ni?"

"Rárá, Bàbá."

Wọ́n mi orí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọmọ ayò padà ní mẹ́rin-mẹ́rin.

Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ ti sọnù. Nísinsìnyí, bí òórùn ìwé gbígbóná bá gba yàrá fáìlì láago kan ọ̀sán, tí ẹnikẹ́ni kò lu tábìlì mi, mo máa ń sọ ẹ̀fẹ̀ yẹn sínú ara mi, ẹ̀rín a sì pa mí. Èmi àti Bàbá nìkan la mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà, má bi mí.