Ìjókòó Ẹ̀yìn Nínú Ọkọ̀ Àjàgbé

Jòsáyà Àjàgbé, Ìyèrú Ọ̀kín, Ọlálọmí, ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Àjàgbé ọkọ Àṣàkẹ́, ọkùnrin gíga tí í tẹ orí ba kó tó wọlé. Baba Bísí, baba Káyọ̀dé. Ọkọ mi ni mò ń kì bẹ́ẹ̀. Ìwé mi ò ju Módà Tuù lọ, ṣùgbọ́n n kò kọ oríkì ọkọ mi sínú ìwé kankan kí n tó mọ̀ ọ́n.

Mo rántí ìgbà tí adágún Southmere dì, tí àwọn ẹyẹ funfun ń rìn lórí omi bí ẹni ń rìn nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Àjà kẹrin la wà ní Thamesmead nílùú òyìnbó nígbà náà. Bí mo bá dúró lójú fèrèsé yàrá ìdáná, màá rí omi náà, màá sì rí ọkọ̀ ọkọ mi nísàlẹ̀. Ọkọ̀ Jámánì ni. Ó ti gbó kó tó dọ́wọ́ wa. Ará Jàmáíkà kan, Místà Lẹ́ròyì, tó ń gbé lẹ́yìn ọjà Woolwich, ló tà á fún ọkọ mi. Bí òtútù bá mú, ọkọ mi á gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n á rọra máa dà á sí díńgí, wọ́n á máa fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ní ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, ọkọ mi ti fẹnu ara wọn sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọkọ̀ Jámánì ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbẹ̀rù. Bùrọ́dà Délé tó ń wa ọkọ̀ Jàpáàn kékeré kan, ọkọ mi ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi la máa ń gbé Màmá Títí, ìyá alára ńlá kan nínú ìjọ, àti Sísítà Dúpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lórí òkè ní Plumstead. Dúpẹ́ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi níwájú ni èmi máa ń jókòó sí. Kò sẹ́ni tó fi mí síbẹ̀, ipò mi ni.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi tí yìnyín kọ́kọ́ bolẹ̀, ọkọ mi ní kí n bọ́ sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Títí, kí Dúpẹ́ bọ́ síwájú. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ṣé n kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àwọn èèyàn ńlá ń jókòó sí nílé wa lọ́hùn-ún ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Dúpẹ́ ní kí èmi Auntie rẹ̀ wá síwájú, ọkọ mi ní kó jókòó rẹ̀ jẹ́ẹ́. Màmá Títí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní àwọn ò bá ẹnikẹ́ni wí o, ọ̀rọ̀ làwọn kàn ń sọ: “Ìyàwó, ẹyẹ tó bá fi ìtẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹyẹ mìíràn á yé ẹyin sí i.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú mi lọ bí òtútù ṣe ń wọ ìka ẹsẹ̀. Nílé, n kò béèrè mọ́, ọkọ mi ò sì ṣàlàyé. Èmi ọlọ́gbọ́n wá ń kó ẹ̀rí jọ: wọ́n ń pẹ́ nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọn kì í wò mí lójú tí mo bá ń wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀sùn kì í wá a tì. Bísí ọmọ wa wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀fà nígbà náà, a ò tíì bí Káyọ̀dé. Mo kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi Jímọ̀ pé kó wá pàdé mi ní Èkó, pé mo ti fi ilé ọkọ sílẹ̀, mò ń bọ̀ wá bá ọmọ mi. Mo lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, mo fi í sínú àpò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹrin, mo ní bọ́ọ̀sì ni màá wọ̀. Ọkọ mi mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo ní ẹ̀rí tó kù nìyẹn.

Mo sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nísàlẹ̀, mo fẹsẹ̀ gun òkè Plumstead pẹ̀lú lẹ́tà náà nínú àpò. Ohun gbogbo funfun, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹni pé ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú bóyá kí ó bẹ̀rẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọkọ̀ wa tó ń bọ̀. Àìsàn ti dá Màmá Títí dúró sílé, Dúpẹ́ nìkan ló wà níwájú. Ọkọ̀ náà gòkè dé ìdajì, ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó sọ́tùn-ún, ó jó sósì, ó sì yọ̀ padà sísàlẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ó tún yọ̀. Bùrọ́dà Délé wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ kọjá lára wọn, ó fọn fèrè, ó ń gòkè lọ.

Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Aṣọ funfun nínú yìnyín funfun, orí àti ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mò ń rí. Wọ́n ṣí búùtù ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ń ti nǹkan síwá sẹ́yìn. N kò mọ ìgbà tí mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn. Àpò iyanrìn méjì ló wà níbẹ̀, òkúta ńlá kan, àti ọlọ ata mi tí mo ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

“Táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń yí, Àṣàkẹ́. Bí ẹ̀yìn bá fúyẹ́, kò lè gun òkè. Ìwọ àti Màmá Títí lẹ̀ ń gbé e gòkè.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

Wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn. “Ojú ló ń tì mí. Mo ti fi ọkọ̀ yìí yangàn jù.”

Mo ní kí wọ́n wọlé kí ẹsẹ̀ wọn má bàa kú. Mo wọ ẹ̀yìn. Dúpẹ́ náà wá bá mi níbẹ̀, ó ní, “Auntie, ẹ̀bà ni mo máa máa jẹ báyìí, kí èmi náà lè wúlò lẹ́yìn.” Ọkọ̀ náà gbọ̀n, ó dì mọ́ ilẹ̀, ó rọra gun òkè. N kò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.

Láti ìgbà náà, bí yìnyín bá ti bolẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, mo ti wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ náà kú ní ọdún tí Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Wọ́n ti wó àwọn ilé kan létí adágún náà báyìí, Màmá Títí náà ti lọ. Mo máa ń ronú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú kan ni àwa méjèèjì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbé mì, àti pé díẹ̀ ló kù kí ó gbé wa mì.

Ọkọ mi kú lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. A sin wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, ní Plumstead, kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo wà níbẹ̀, èmi tí mo kọ lẹ́tà nígbà kan pé mo ti fi wọ́n sílẹ̀.