Ẹnu Mi Ni Wọ́n Fi Dán Kọ̀ǹpútà Wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé ta ló kọ́ ọmọ mi obìnrin ní sùúrù, ẹ má wo ọ̀dọ̀ mi o. Èmi tí mo máa ń gbaná jẹ bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ! Òun ló bá tirẹ̀ wáyé. Láti kékeré, bí mo bá fẹ́ ra bàtà fún un, á wọ̀ ọ́, á rìn yí ṣọ́ọ̀bù po, á gun àtẹ̀gùn, á sáré wálẹ̀, kó tó sọ pé, "Màmá, èyí dáa." Oníbàtà á ti fajú ro. Lónìí, dókítà eyín ni. Òun àti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni wọ́n jọ dá ilé ìwòsàn wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, ó tọ́ sí mi.

Nígbà tí èrò pọ̀ tí fáìlì kún kọ́bọ́ọ̀dù fọ́fọ́, àwọn méjèèjì ní àwọn á ra ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọn á máa fi kọ ìtọ́jú eyín oníkálukú sílẹ̀. Wọ́n yẹ ọ̀pọ̀ wò títí, ó wá ku méjì. Èkíní ń dán yinrin, àwòrán eyín inú rẹ̀ ń yípo, oríṣiríṣi àwọ̀ ló ní. Èkejì wà lásán ni, eyín funfun lórí àwọ̀ eérú, kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan. Ọ̀gá ti fọkàn sí aláràbarà yẹn, ó ní kí wọ́n buwọ́ lù ú kíá.

Ọmọ mi ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ẹnu èèyàn dán an wò."

Ẹnu ta ni wọ́n wá mú? Ẹnu èmi ìyá rẹ̀!

"Ṣé kò sí ẹnu mìíràn ní gbogbo àdúgbò yìí ni?" mo bi í.

"Màmá, tiyín ló dáa jù. Ó ti dàrú dáadáa."

Ẹ gbọ́ ọmọ o! Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Àwọn dókítà eyín máa ń fi nọ́ńbà pe eyín, láti àárín iwájú lọ sẹ́yìn. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n ti yọ ìkẹfà mi tipẹ́tipẹ́. Ni ìkeje bá rọra sún wá síwájú, ó jókòó sí àyè rẹ̀. Ìkẹjọ náà tẹ̀lé e, ó gba àyè ìkeje. Ìkẹjọ yìí ló wá jẹrà, tí kò jẹ́ kí n gbádùn, òun ni wọ́n sì fẹ́ yọ. Ìkeje tó wà níwájú rẹ̀ le koko, òun nìkan ló kù tí mo fi ń rún nǹkan, torí apá òsì ti di pápá. Bí wọ́n bá lọ ṣì í yọ, omi ọbẹ̀ ni kí n máa mu títí ọjọ́ alẹ́ mi.

Wọ́n dá mi dùbúlẹ̀ sórí àga, iná wà lójú mi, ẹnu mi là gbagada. Ọkùnrin tó ń ta ètò aláràbarà dúró ti kọ̀ǹpútà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọmọ mi ní, "Ọ̀gá á wo Màmá, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n bá rí, wọ́n á jáde. Dókítà wa kékeré tí kò rí ẹnu Màmá rí á wá wọlé. Á ka ojú kọ̀ǹpútà, á fi irin kan eyín tó yẹ ká yọ. Kó kàn án lásán ni o."

Mo ní, "Ẹ tún un sọ kó gbọ́ níta dáadáa!"

Ọ̀gá wò mí. Ó rí eyín jíjẹrà ní àyè ìkeje, ó tẹ ìkeje, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́. Kò rò ó pé eyín ti sún. Ta ni ì bá rò ó, nígbà tí kò sí àlàfo níbẹ̀? Ètò aláràbarà náà gbà á láìjanpata. Ọ̀gá jáde, dókítà kékeré wọlé. Ó rí i nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí ọmọ mi ti kọ sínú ètò méjèèjì pé ìkẹfà ti lọ, ó sì rí i nínú tòní pé kí wọ́n yọ ìkeje. A jẹ́ pé eyín ńlá àkọ́kọ́ tó dúró níbẹ̀ ni ìkeje. Ó na irin, kọ́! Eyín mi tó le koko ló kàn.

Orí mi ò! Mo pariwo. Torí irin tó wà lẹ́nu mi, "hààà" lásán ló jáde, ṣùgbọ́n èébú gidi ló wà nínú rẹ̀.

"Màmá, ṣé ó ń dùn yín ni?" ọlọ́jà bi mí. Mo wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

Ọmọ mi pe ọ̀gá padà, ó fi eyín méjèèjì hàn án. Ọ̀gá wo ẹnu mi, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo ẹnu mi.

"Ohun tí mo rí ni mo kọ," ó ní. "Ohun tí mo kọ lòun náà kà. Eyín tó dáa là bá sì yọ."

Ọlọ́jà ní wọ́n lè máa kọ àkíyèsí sí ìsàlẹ̀.

Ọmọ mi ní, "Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu èèyàn kì í ráyè wo ìsàlẹ̀." Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọmọ mi wá ṣí ètò kejì. Ọ̀gá tún tẹ ìkeje. Èyí ò gbà á! Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé ìkẹfà kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣé eyín ẹ̀yìn ti sún wá sí àyè rẹ̀? Ọ̀gá tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Àwòrán eyín méjèèjì bá sún síwájú bí wọ́n ṣe wà lẹ́nu mi gẹ́lẹ́, àmì pupa sì bọ́ sórí ìkẹjọ. Wọ́n yí i sí mi, èmi aránṣọ nawọ́ sí eyín jíjẹrà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ ò rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ!" mo ní. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi ọlọ́jà.

Ọ̀gá ní, "Èyí la máa rà. Ìwọ ni kó o buwọ́ lù ú, ìwọ lo yàn án." Inú mi dùn, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu mi, àní pẹ̀lú eyín tó ń dùn mí.

Ọmọ mi gún mi lábẹ́rẹ́, ó yọ ìkẹjọ. Ìgbà tó ti òwú sí i tán ló jókòó tì mí, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Màmá, ẹnu tiyín ni mo mọ̀ sórí. Ti ìyá ẹlòmíì, ohun tí kọ̀ǹpútà bá ní kí n yọ ni màá yọ. Èmi náà ì bá ti yọ èyí tó dáa."

Òwú kún ẹnu mi. Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fún un pinpin.

Bí mo ṣe jáde, ìyá àgbàlagbà kan ń dúró ní ìta, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dókítà inú ibẹ̀ yẹn mọṣẹ́?" ó bi mí.

Mo yọ òwú tí wọ́n ní n ò gbọdọ̀ yọ.

"Ẹ wọlé lọ bá a," mo ní. "Èmi ni mo bí i."